Àgbàrá Òjò Kò Lóun Ò Nílé Wó: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Wa Mọ̀ Nípa Omíyalé

Lórí ojú ewé yìí, ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú àti ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ la sábà máa ń bá yín sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ òjò la mú wá. Ẹlòmíràn lè sọ pé: "Ọ̀rọ̀ òjò kẹ̀? Ṣebí inú òjò la dàgbà sí!" Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti rí òjò oṣù kẹfà ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè dà bí eré lójú rẹ̀. Ó kàn ń ṣe wínníwínní láti àárọ̀ di alẹ́ ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nítorí pé a rò pé a mọ òjò, a kì í ka ti ibí sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, pàápàá àwọn fúláàtì abẹ́ ilẹ̀ tí owó wọn mọ níwọ̀n, ni omi kọ́kọ́ máa ń wọ̀. Àwa náà la sábà máa ń wà láìní ìnṣọ́ránsì, tí gbogbo ìwé pàtàkì wa wà nínú àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí: bí omi ṣe ń wá, ìdí tí àgbàrá kì í fi í dúró de ìkìlọ̀, àti ohun tí onílé àti ayálégbé lè ṣe kí wọ́n má gbà fún un.

Odò kíkún ọ̀tọ̀, àgbàrá ọ̀tọ̀

Èdè wa ti la ọ̀rọ̀ yìí sí méjì fún wa. A ní odò kíkún, a sì ní àgbàrá. Odò kíkún ni kí òjò rọ̀ sí òkè odò fún ọjọ́ mélòó kan, kí ilẹ̀ mu omi yó, kí odò máa ga díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bo bèbè rẹ̀. Odò ńlá bíi Thames tàbí Severn lè lo ọjọ́ kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí kíkún rẹ̀ tó dé ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ ń gbé. Àyè wà láti kìlọ̀, àyè sì wà láti kó ẹrù.

Àgbàrá kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò ńlá á ṣú lójijì, pàápàá nínú oṣù July àti August lẹ́yìn tí ooru bá ti mú, á sì da gbogbo omi inú rẹ̀ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Omi kò ní ríbi wọ̀. Á máa wá ọ̀nà, ibi tó bá sì rẹlẹ̀ jù ni yóò dà sí: abẹ́ afárá, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, ìsàlẹ̀ òkè, fúláàtì abẹ́ ilẹ̀. Ó lè má sí odò kankan nítòsí ibẹ̀. Títì tó gbẹ nígbà tí ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù lè ti di odò kí ẹ tó sanwó tán.

Àwọn odò kéékèèké wà láàárín méjèèjì. Odò Ravensbourne àti odò Quaggy, tí wọ́n pàdé ní Lewisham, lè kún láàárín wákàtí díẹ̀. Ní oṣù September ọdún 1968, omi wọn bo àárín Lewisham. Àwọn odò mìíràn sì wà tí a kì í rí rárá nítorí pé wọ́n ti bò wọ́n mọ́lẹ̀ sínú páìpù. Odò kan wà lábẹ́ Peckham tí wọ́n ń pè ní Peck. Díẹ̀ lára rẹ̀ nìkan la ṣì lè rí nínú ọgbà Peckham Rye, èyí tó kù wà lábẹ́ títì tí a ń rìn lójoojúmọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé, "Kò sódò ládùúgbò wa, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn mí."

Kí ló dé tí ìlú ńlá fi tètè ń kún?

Bí òjò bá rọ̀ sórí koríko, ilẹ̀ á mu díẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá rọ̀ sórí kọnkéré àti ọ̀dà, kò sí ẹni tí yóò mu ún. Ìlú ńlá sì kún fún kọnkéré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ti da kọnkéré sórí ọgbà kékeré tó wà níwájú ilé wọn kí wọ́n lè ráyè gbé mọ́tò sí. Omi tí ilẹ̀ ìbá mu, ojú títì ló ń gbà lọ báyìí.

Ohun kejì ni àwọn páìpù abẹ́ ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní London, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láti ayé Victoria ni wọ́n ti rì wọ́n, lẹ́yìn tí òórùn odò Thames fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àwọn aṣòfin jáde ní ọdún 1858. Bí òjò bá pọ̀ jù fún páìpù yìí, omi inú rẹ̀ á padà sẹ́yìn. Fúláàtì abẹ́ ilẹ̀ ló sì máa ń jáde sí, láti inú ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìwẹ̀. Kì í ṣe omi òjò nìkan ló ń wọlé nígbà náà o, ẹ̀gbin ni.

Ohun kẹta ni ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, ó lè gbé omi tó fi bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ó bá wá dà á sílẹ̀, ṣe ni yóò dà á sílẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan máa ń bi wá pé, "Ilẹ̀kùn ńlá tó wà lójú Thames ní Woolwich ńkọ́?" Iṣẹ́ rẹ̀ dára, láti ọdún 1982 ló sì ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n omi òkun tó bá fẹ́ rú wọ ìlú ni wọ́n kọ́ ọ fún. Kò lè dá òjò tó ń rọ̀ sórí Tottenham tàbí Camberwell dúró.

Ohun tí ojú ti rí

Kò sí ará Ìbàdàn tó ti dàgbà tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ omíyalé tí kò ní rántí Ògùnpa. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù August, ọdún 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò Ògùnpa bo bèbè rẹ̀, ó sì gba àárín ìlú kọjá. Ènìyàn tó lé ní 200 ló bá omi lọ. Pàǹtírí ti dí ojú odò náà, wọ́n sì ti kọ́lé sún mọ́ ọn jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù August ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún jà ní ìlú kan náà, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ilé nìkan nirú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé níbí góótà wà, káńsù sì ń kó ìdọ̀tí. Ẹ jẹ́ ká wo ti ibí.

Ní òru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16 oṣù August ọdún 1952, òjò ńlá rọ̀ sórí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé Lynmouth ní Devon. Omi gbé òkúta ńláńlá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà, ènìyàn 34 sì kú. Ní ọjọ́ 16 oṣù August ọdún 2004, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Boscastle ní Cornwall. Omi gbá ọ̀pọ̀ mọ́tò lọ sínú òkun, hẹlikọ́pítà sì gbé nǹkan bí 100 ènìyàn kúrò lórí òrùlé àti orí igi. Ẹnikẹ́ni kò kú. Lára ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé ọ̀sán ni: ojú ríran, àwọn ènìyàn sì tètè sá lọ sókè.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2007, òjò June àti July wọ ilé àti ibi iṣẹ́ tó tó 55,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 13 sì kú. Ní Sheffield, ọmọkùnrin ọdún 14 kan wà lára àwọn tí omi gbé lọ. Ní Hull, púpọ̀ nínú omi tó wọlé kò ti inú odò wá, góótà àti páìpù ni kò lè gbé e. Ní Gloucestershire, omi wọ ilé iṣẹ́ tó ń pèsè omi mímu, ó sì tó 350,000 ènìyàn tí kò ní omi ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Omi yí ilé ká, bẹ́ẹ̀ kò sí omi tí wọn yóò fi se ọbẹ̀.

Ti London kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ 12 àti ọjọ́ 25 oṣù July ọdún 2021, òjò tó yẹ kó rọ̀ fún odindi oṣù kan rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ ní àwọn apá ibì kan nínú ìlú. Omi wọ ilé tó lé ní 1,500, ó wọ àwọn ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ó sì da iṣẹ́ rú ní ilé ìwòsàn Whipps Cross àti ti Newham. Thames kò kún o. Àgbàrá lásán ni.

Ní ọjọ́ 1 oṣù September ọdún yẹn kan náà, ìjì Ida da òjò sórí New York. Ènìyàn 13 ló kú nínú ìlú náà. Mọ́kànlá nínú wọn, fúláàtì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kú sí. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ àjèjì bíi tiwa, tí wọ́n wá ibi tí owó wọn ká. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Omi tó ń ṣàn lágbára ju ènìyàn lọ

A mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní Èkó. Òjò á rọ̀, títì á kún, ènìyàn á bọ́ bàtà, á ká ṣòkòtò dé orúnkún, á sì wọ́dò títí dé ibi tí bọ́ọ̀sì wà. Ó ti mọ́ wa lára. A bẹ̀ yín, ẹ fi àṣà yẹn sílẹ̀.

Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Ọwọ́ kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, tí ọwọ́ náà jẹ́ mítà kan, tọ́ọ̀nù kan ni omi inú rẹ̀. Bí omi bá sì fi ìlọ́po méjì yára sí i, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára tí yóò fi ti ènìyàn. Omi tó ń sáré, tí kò ga ju ínṣì mẹ́fà lọ, ìyẹn bí ọrùn ẹsẹ̀, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ti ọmọdé kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà kan omi tó ń ṣàn lè gbé mọ́tò kúrò lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ bàtà méjì á mú ọ̀pọ̀ mọ́tò léfòó bí igbá.

Ohun tó burú jù ni pé omi náà dọ̀tí, ẹ kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àgbàrá máa ń ti ọmọrí irin tó wà lórí ihò góótà sókè láti abẹ́. Ẹni tó ń wọ́dò kò ní rí ihò náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wọ inú rẹ̀. Ojú ọ̀nà lè ti wó lábẹ́ omi. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibi tí omi bo títì, ẹ yíjú padà, kódà bí ẹ bá máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kódà bí mọ́tò tó wà níwájú bá kọjá. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ lè bínú lónìí, inú rẹ̀ á yọ́ lọ́la.

Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ pẹ̀lú. Odò kékeré inú ọgbà ìṣeré, tí wọ́n máa ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe odò kan náà lẹ́yìn òjò ńlá.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta, àti èyí tí kò ní ìkìlọ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Environment Agency ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn odò ńlá àti òkun. Oríṣi ìkìlọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe. Flood Alert túmọ̀ sí pé omi lè dé: ẹ múra sílẹ̀. Flood Warning túmọ̀ sí pé omi ń bọ̀: ẹ ṣe ohun tó yẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ kó ẹrù sókè. Severe Flood Warning túmọ̀ sí pé ẹ̀mí wà nínú ewu: bí wọ́n bá ní kí ẹ jáde, ẹ jáde.

Nọ́ńbà tí ẹ lè pè tọ̀sán tòru ni Floodline, 0345 988 1188. Ẹ lè fi orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì yín sílẹ̀ kí wọ́n máa pè yín tàbí kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù yín bí odò àdúgbò yín bá fẹ́ kún. Ọ̀fẹ́ ni. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń nira fún ìyá tàbí bàbá yín àgbà, ẹ fi nọ́ńbà tiyín náà sílẹ̀ fún àdírẹ́ẹ̀sì wọn.

Láti ọdún 2023, ìjọba tún lè fi ìkìlọ̀ pàjáwìrì ránṣẹ́ sí àwọn fóònù tó wà ní àgbègbè tí ewu wà. Fóònù á han gooro bíi agogo panápaná. Kì í ṣe gbájúẹ̀ o, wọn kò sì ní béèrè nọ́ńbà báńkì yín. Ẹ kà á, kí ẹ sì ṣe ohun tó bá wí.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa: ìkìlọ̀ mẹ́ta ti Environment Agency wọ̀nyẹn kò sí fún àgbàrá. Kò sẹ́ni tó lè sọ títì tí òjò òjijì yóò dà sí. Ohun tí ẹ lè gbọ́ ni ti Met Office, àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò: ìyeyè, ọsàn àti pupa. Ẹ máa gbọ́ ọ lórí rédíò àti tẹlifíṣàn. Bí ẹ bá ń gbé ní fúláàtì abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì kéde ìyeyè fún òjò àti àrá, ẹ má sùn sí yàrá ìsàlẹ̀ lóru ọjọ́ náà bí ẹ bá ní ibòmíràn tí ẹ lè sùn sí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kí òjò tó ṣú

Èkíní, ẹ wádìí ilé yín. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba, ẹ lè fi postcode wo bóyá ewu odò tàbí ti àgbàrá wà níbi tí ẹ ń gbé. Bí ẹ kò bá ní kọ̀ǹpútà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé àdúgbò á ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ṣe é kí ẹ tó sanwó ilé tuntun, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti kẹ́rù wọlé tán.

Èkejì, ẹ tọ́jú ìwé. Ìwé ìrìnnà, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé ìgbéyàwó, lẹ́tà Home Office, ìwé ẹ̀rí iléèwé gíga tí ẹ gbé wá láti ilé: ẹ kó gbogbo wọn sínú àpò ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibi gíga, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lóòótọ́, ẹ̀rí ìgbélùú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti di eVisa lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fún yín ní ilé lè gba oṣù púpọ̀ kí ẹ tó rí òmíràn gbà. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí kan tó ń gbé ibòmíràn.

Ẹ̀kẹta, ẹ ra ìnṣọ́ránsì ẹrù ilé. Àwọn ènìyàn wa máa ń sọ pé, "Ṣebí onílé ti ní ìnṣọ́ránsì." Ó ní in, ṣùgbọ́n ògiri àti òrùlé rẹ̀ ló ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀dì yín, fíríìjì yín, aṣọ òkè yín, kọ̀ǹpútà ọmọ yín, kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ káńsù àti ẹgbẹ́ onílé ló ní ìnṣọ́ránsì olówó pọ́ọ́kú fún àwọn ayálégbé wọn, tí ẹ lè máa san díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú owó ilé. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì wọn. Bí wọ́n bá sọ pé owó yín pọ̀ nítorí pé omi ti wọ àdúgbò yín rí, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Láti ọdún 2016 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Flood Re ti ń ran àwọn ilé ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ kí owó náà lè mọ níwọ̀n, fún ilé tí wọ́n kọ́ kí ọdún 2009 tó wọlé. Ẹ bi ilé ìnṣọ́ránsì bóyá wọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ òtítọ́ nínú ìwé tí ẹ bá kọ fún wọn. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ ibi tí ẹ ti lè pa iná àti gáàsì ilé. Ẹ fi han àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú.

Ẹ̀karùn-ún, bí góótà ojú títì bá ti dí, ẹ pe káńsù. Bí páìpù ilé tí ẹ háyà bá dí tàbí tó ń jò, ẹ kọ lẹ́tà sí onílé, kí ẹ sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Òfin ọdún 1985 nípa onílé àti ayálégbé fi àtúnṣe góótà, páìpù, iná àti ara ilé sọ́rùn onílé lórí ọ̀pọ̀ ilé tí a ń háyà. Ẹ má dúró de àpò iyanrìn láti ọwọ́ káńsù. Òfin kò fi dandan mú wọn láti fún yín.

Bí omi bá ti ń wọlé

Kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ àti àwọn àgbàlagbà sókè, ẹ má ṣe kó wọn lọ sísàlẹ̀ láé. Ẹni tó wà ní fúláàtì abẹ́ ilẹ̀ kí ó jáde ní kíá nígbà tí omi ṣì wà ní kókósẹ̀. Bí omi bá ga níta, ó lè ti ilẹ̀kùn pa, kí ó má ṣeé ṣí mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má padà sísàlẹ̀ nítorí tẹlifíṣàn tàbí owó àjọ. Bí ilé kò bá lókè, ẹ lu ilẹ̀kùn aládùúgbò tó wà lókè yín, bí ẹ kò tilẹ̀ kí ara yín rí. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ.

Ẹ pa iná àti gáàsì bí ẹ bá lè ṣe é láìdúró nínú omi. Bí ẹsẹ̀ yín bá ti wà nínú omi, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 999 ni kí ẹ pè. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, 0800 111 999. Bí iná bá lọ, 105. Ìwé ìgbélùú kò sí nínú ohun tí panápaná ń béèrè kí wọ́n tó gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tíì pé kò gbọdọ̀ tìtorí ìbẹ̀rù jókòó sínú omi. Bí káńsù bá ṣí gbọ̀ngán fún àwọn tí omi lé jáde, gbogbo ènìyàn ló wà fún.

Nígbà tí omi bá lọ tán

Omi náà ti bá ẹ̀gbin pàdé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa, ẹ sì da gbogbo oúnjẹ tí omi bá kàn nù. A mọ̀ pé ó dunni láti da àpò gàrí tàbí èlùbọ́ tí wọ́n gbé láti ilé wá nù, ṣùgbọ́n àìsàn inú ọmọ dunni jù ú lọ. Ẹ má tan iná ilé títí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ìdáná eléèédú wọ inú ilé láti fi gbẹ ẹ́. Èéfín wọn tí kò ní òórùn ń pa ènìyàn lójú oorun.

Kí ẹ tó da ẹrù kankan síta, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ àti ti ibi tí omi ga dé lára ògiri. Ẹ pe ilé ìnṣọ́ránsì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti àkókò tí ẹ pè sílẹ̀. Ẹ pe onílé, ẹ sì tún kọ lẹ́tà tẹ̀ lé e. Ẹ má kàn dá owó ilé dúró fúnra yín, nítorí onílé lè fi gbèsè náà gbé yín lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ìmọ̀ràn.

Bí ilé kò bá ṣeé gbé mọ́, ẹ lọ sí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ àìnílé ní káńsù yín lójú ẹsẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ilé gbígbé ọdún 1996 sọ pé ẹni tí omíyalé tàbí iná bá sọ di aláìnílé wà lára àwọn tí káńsù gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Ẹ dárúkọ òfin náà fún wọn. Ó kan ẹni tó wà ní òun nìkan pẹ̀lú, kì í ṣe ọlọ́mọ nìkan. Ibi tí ó ti le díẹ̀ ni ti àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìgbélùú wọn pé wọn kò gbọdọ̀ gba ìrànlọ́wọ́ owó ìjọba. Ètò yìí kò sí fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wà nínú ilé, òfin àwọn ọmọdé ti ọdún 1989 fún káńsù ní agbára láti ran ọmọ náà àti òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má dá lọ. Ẹ wá rí wa, tàbí kí ẹ lọ sí Citizens Advice tàbí ilé ìmọ̀ràn òfin tó wà ládùúgbò yín.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tó ń kọ́lé sílé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi owó ránṣẹ́ láti ra ilẹ̀ ní Èkó tàbí ní Ògùn. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ìwé sọ́fè nìkan la fi ń ra ilẹ̀. Odoodún ni odò Ògùn máa ń kún ní àkókò òjò, wọ́n sì máa ń tú omi sílẹ̀ láti inú ìdídò Ọyán kí ó má baà ya. Àwọn agbègbè bí Ìṣẹrì, Akute àti Mile 12 ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó gbẹ nínú fọ́tò oṣù January lè wà lábẹ́ omi ní September. Ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán lọ wò ó nínú oṣù September tàbí October. Kí ó bi àwọn tó ń gbé nítòsí pé ibo ni omi ga dé lára ògiri wọn. Òjò kan ṣoṣo lè gba iṣẹ́ òru ogún ọdún lọ́wọ́ ènìyàn.

Omi kò lọ́tàá, òótọ́ ni. A ń mu ún, a ń wẹ̀ ẹ́, òun la fi ń se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rẹ́ nígbà tó bá ń wá ọ̀nà lọ. Lónìí, kí ẹ tó sùn, ẹ gbé àpótí ìwé yẹn kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà Floodline sára fíríìjì. Bí ìwé ìnṣọ́ránsì tàbí lẹ́tà onílé bá dé tí kò yé yín, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì wa kí a jọ kà á. Olúwa kò ní jẹ́ kí a rí ogun omi o.